Ta Ni Ó Gbé Ère Náà Padà?

Bí ènìyàn mẹ́wàá bá jókòó wo eré kan ṣoṣo ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, kí a má ṣe rò pé eré kan náà ni gbogbo wọn wò. Ó pẹ́ tí mo ti ń sọ gbólóhùn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìhà tí òǹwòran ń kọ sí eré onítàn, ṣùgbọ́n ẹnu lásán ni mo fi ń sọ ọ́. Ọdún 2012 ni ọ̀rọ̀ náà tó di òtítọ́ lójú mi, ní ilé olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, nígbà tí àwa márùn-ún jókòó wo sinimá tí a ń pè ní The Figurine, tí orúkọ rẹ̀ kejì ń jẹ́ Araromire.

Ọdún 2009 ni sinimá náà jáde. Kúnlé Afọláyan ni ó darí rẹ̀, òun náà ni ó sì ṣe Ṣọlá, ọ̀kan nínú àwọn olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Kẹ́mi Adéṣọyè ni ó kọ ọ́. Àwọn tí ó ti dàgbà díẹ̀ nínú wa yóò rántí bàbá olùdarí yìí, olóògbé Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love, ẹni tí a rí nínú Àjàní Ògún tí Ọlá Balógun darí ní ọdún 1976. Ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ni yóò jọ. Nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Africa Movie Academy Awards ní ọdún 2010, márùn-ún ni eré yìí gbà, ẹ̀bùn eré tí ó dára jù lọ sì wà nínú wọn.

Àhunpọ̀ ìtàn rẹ̀ kò ṣòroó sọ. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀: ní ayé àtijọ́, abọrẹ̀ kan pe òrìṣà Araromire wọ inú ère igi kan. Ọdún méje ni òrìṣà yìí fi ń ṣe ènìyàn ní oore. Bí ọdún méje náà bá sì ti pé, ibi ni yóò máa tẹ̀ lé e fún ọdún méje mìíràn. Lẹ́yìn èyí ni eré fò wá sí ayé òde òní, tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sì di èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì, Ṣọlá, Fẹ́mi àti Mona, lọ sí àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀. Fẹ́mi fẹ́ràn Mona, ṣùgbọ́n Ṣọlá ni Mona ń bá rìn. Nínú igbó tí ó wà nítòsí àgọ́ yìí ni àwọn ọkùnrin méjèèjì ti já sí ojúbọ kan tí wọ́n ti pa tì. Ṣọlá rí ère náà níbẹ̀, ó sì mú un lọ. Kò pẹ́ tí owó fi dé, tí ọlá fi dé; ikọ́ fée tí ó ti ń fún Fẹ́mi lọ́rùn láti ọjọ́ yìí wá kásẹ̀ nílẹ̀. Ọdún méje pé, ohun gbogbo bẹ̀rẹ̀ sí í dojú rú. Wọ́n gbé ère sọ nù, wọ́n tún bá a nínú ilé. Kí eré tó parí, a rí i pé ọwọ́ Fẹ́mi wà nínú ìpadàbọ̀ ère náà, àti pé ìfẹ́ àtijọ́ tí kò kú nínú rẹ̀ ni ó ń tì í ṣe é. Ṣé òrìṣà ni ó ń jà, àbí Fẹ́mi? Eré kò dá wa lóhùn. Ìbéèrè ni wọ́n kọ sí ojú sinimá ní ìkẹyìn: kí ni ẹ̀yin gbàgbọ́?

Ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó yóò gbà pé wọ́n ṣe iṣẹ́ náà ní àṣeyanjú. Yínká Edward ni ó ya àwòrán rẹ̀, ojú rẹ̀ sì mọ́ kedere. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni bí ère náà kò ti ṣe ohunkóhun. Ó kàn dúró sí ibi tí wọ́n gbé e sí nínú ilé olówó ni, bí àwọn nǹkan ọ̀ṣọ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ayàwòrán mọ bí a ti í fi í sí igun ojú òǹwòran, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi ní gbọ́ ohun tí àwọn òṣèré ń sọ mọ́, tí yóò kàn máa wo ère.

Bí wọ́n ti pa ẹ̀rọ ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí. Ó ní kò sí ohun tí ó rúni lójú níbẹ̀, pé Fẹ́mi ni ó ṣe gbogbo rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀rí rẹ̀ lórí ìka. Ìyáàfin kan tí ó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ Kristi, tí ó sì jẹ́ díákónì nínú ìjọ rẹ̀, dá a dúró. Ó ní, “Ó dáa, Ọ̀gbẹ́ni. Ta ni ó wo ikọ́ fée sàn? Ṣé Fẹ́mi ni ó wo ara rẹ̀ sàn ni?” Ọ̀gbẹ́ni náà ní ikọ́ fée a máa fi ènìyàn sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó tún yọjú, pé kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ìyáàfin ní, “Kí ó wá jẹ́ pé ọdún méje géérégé ni ó fi í sílẹ̀?” Ọ̀gbẹ́ni mu omi. Onílé wa ní tirẹ̀ bínú sí olùdarí eré. Ó ní ojo ni ó ṣe, pé ó ń wá ojú rere àwọn onígbàgbọ́ òrìṣà, ó sì tún ń wá ojú rere àwọn tí kò gbàgbọ́, pé òǹkọ̀wé tí ó bá mọ ohun tí ó fẹ́ sọ kì í da ìbéèrè padà lé òǹwòran lọ́wọ́. Mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín. Mo ní bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ irú ìparí bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìdánwò, pé n kò mọ máàkì tí n bá fún un.

Ìyá onílé ni ẹnì kárùn-ún wa. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Apá tí ó jẹ́ Yorùbá nìkan ni ó tẹ̀ lé dáadáa. Ìyókù, ojú ni ó fi wò ó. Nígbà tí ariwo wa pọ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ní ère yẹn?” Ọmọ rẹ̀ ní, “Màmá, òrìṣà ni.” Ó ní, “N kò bi yín léèrè òrìṣà. Mo ní ọmọkùnrin yẹn wọ ilé onílé, ó mú ohun olóhun. Ẹ kò sì sọ ọ́ láti ìgbà tí ẹ ti ń pariwo.”

Òótọ́ ni. Àwa olùkọ́ mẹ́rin ti fi ohun tí ó lé ní wákàtí kan jiyàn lórí ẹni tí ó gbé ère padà, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ gbé e kúrò.

Kí n tó sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ màmá yìí kò fi jẹ́ kí n sùn ní òru ọjọ́ náà, ó yẹ kí n sọ irú òǹwòran tí mo jẹ́. Iran tiwa bá ayé àràmàǹdà pàdé nínú ìwé kí a tó bá a pàdé nínú sinimá. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà tẹ̀ jáde ní ọdún 1938, a kì í bi ara wa bóyá Àkàrà-oògùn rí iwin tàbí kò rí i. Orúkọ igbó náà ti sọ fún wa ibi tí a ń lọ. Ẹni tí ó bá kọjá ààlà mọ̀ pé òun kọjá. Lẹ́yìn náà ni Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní ọdún 1979. Ọlá Balógun ni ó bá a darí rẹ̀, Ògúndé fúnra rẹ̀ sì ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, babaláwo tí ó dojú kọ àwọn àjẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà tí mo wò ó. Àwọn ènìyàn pariwo nínú gbọ̀ngàn náà, àwọn mìíràn ń pe orúkọ Jésù, àwọn mìíràn ń dà ọfọ̀ lu ọfọ̀. Nígbà tí a jáde, kò sí ẹni tí ó pè é ní eré. “Ṣé o rí wọn?” ni a ń bi ara wa. Ojú wa ni wọ́n ti fi hàn wá.

N kò bú Ògúndé. Ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin igbó Fágúnwà àti ìlú tí Ògúndé yà sínú sinimá, nítorí pé ìlú yẹn jọ ìlú wa, àwọn obìnrin rẹ̀ sì wọ irú aṣọ tí àwọn ìyá wa ń wọ̀. Èyí jẹ́ ọgbọ́n ìṣọ̀tàn tí ó lágbára púpọ̀. Ohun tí àwa òǹwòran fi ọgbọ́n náà ṣe nígbà tí a délé ni ẹjọ́ mi.

Ìyàwó méjì ni bàbá mi fẹ́. Ìyáálé kò bímọ. Ẹ̀kọ ni ó ń tà, Màmá Ẹlẹ́kọ ni gbogbo wa sì ń pè é. Bàbá kú ní ọdún 1982. Ìyá tí ó bí wa ti ṣáájú rẹ̀ lọ, nítorí náà Màmá Ẹlẹ́kọ nìkan ni ó kù ní àgbà nínú ilé. Ní ọdún 1986, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ní ọdún kejì rẹ̀, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ṣe àìsàn ọjọ́ mẹ́ta, ó sì kú. Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbẹ́ kòtò ṣalángá tuntun lẹ́yìn ilé, wọ́n sì hú àdó kékeré kan jáde lẹ́bàá ìpìlẹ̀ ògiri. Wọ́n fi òwú dúdú dì í, owó ẹyọ wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kàn án.

Ẹ kò nílò kí n sọ ohun tí ó tẹ̀ lé e. Ìpàdé ẹbí kò gbà ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Obìnrin tí kò bímọ, tí ó ń jí lóru láti se ẹ̀kọ, tí ó ń dá sọ̀rọ̀ lẹ́bàá iná: a ti rí i rí, gbogbo wa ti rí i nínú sinimá. Àbúrò bàbá mi jókòó sí ìpàdé náà, kò sọ ohun kan. Mo ti di olùkọ́ nígbà náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí, àwọn ẹbí sì bi mí ní èrò mi gẹ́gẹ́ bí ọ̀mọ̀wé inú ilé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Màmá padà sí ìlú wọn, kí àlàáfíà lè wà. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni mo rò pé mo sọ. Èmi náà ni mo sì ru ẹrù rẹ̀ dé gáréèjì: àpótí kan, ìkòkò ẹ̀kọ méjì, ẹní kan. Nígbà tí ó jókòó sínú ọkọ̀, ó wò mí, ó ní, “Àkànní, ìwọ náà rí mi níbẹ̀ bí?” N kò dá a lóhùn. Ọkọ̀ lọ. Ó kú ní ìlú wọn ní ọdún 1990, kò sí ọ̀kan nínú wa tí ó lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ó jẹ́ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láàrin ìgbà tí wọ́n hú àdó yẹn àti alẹ́ tí mo wo Araromire. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, n kò bèèrè ẹni tí ó gbé e síbẹ̀, nítorí pé a ti dáhùn kí a tó bèèrè. Sinimá yìí ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí pé ìbéèrè ni. Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ṣì jí. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo ní, “Bàbá, àdó tí wọ́n hú lẹ́yìn ilé wa lọ́jọ́ kìíní, ta ni ó rì í mọ́lẹ̀?”

Ó dákẹ́ títí. Ó ní, “Bàbá rẹ ni. Èmi ni mo di ọkọ́ mú. Nígbà tí ó ń kọ́ ilé ni, kí ilé má baà wó, kí olè má baà jà á. Ta ni ó ń kọ́lé nígbà náà tí kò ri nǹkan?” Mo bi í ìdí tí kò fi sọ ọ́ ní ìpàdé. Ó ní bàbá mi ti di díákónì kí ó tó kú, pé òun kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ pé díákónì ri àdó mọ́lẹ̀. Ó ní òun sì rò pé bí obìnrin náà bá sinmi díẹ̀ ní ìlú wọn, wọn yóò pè é padà.

Láti ìgbà náà ni mo ti wo eré yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹta mìíràn, mo sì ti fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti kúrò lẹ́yìn onílé wa tí ó ní ojo ni olùdarí. Bí eré bá parí pẹ̀lú ìdánilójú pé òrìṣà ni, a óò lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rù, ẹ̀rù a sì máa wá ẹni tí yóò gbé ara lé. Bí ó bá parí pẹ̀lú ìdánilójú pé Fẹ́mi ni, a óò lọ sílé pẹ̀lú ìgbéraga, a óò ní àwọn tí ó gbàgbọ́ nínú òrìṣà kò lajú. Ìbéèrè tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ kíyè sí i pé nígbà tí gbogbo ilé ń wo ère, kò sí ẹni tí ó wo Fẹ́mi. Ọ̀rẹ́ ilé ni, ó ń wọlé, ó ń jáde, ó ń báni kẹ́dùn. Ère ni ó bò ó mọ́lẹ̀. Ìfìwàwẹ̀dá tí ó jinlẹ̀ nìyí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró lórí pé “ẹni burúkú ni Fẹ́mi”. Ramsey Nouah tí ó ṣe é kò ṣe é bí ẹni burúkú. Ó ṣe é bí ẹni tí inú rẹ̀ ti ń dùn ún láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò sì sí ẹni tí ó bi í.

Síbẹ̀, mo ní àríwísí kan. Eré náà sáré ní ìparí. Àwọn ohun tí ó yẹ kí ojú wa fi ìrọ̀rùn rí, wọ́n dà wọ́n lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kò mọ ẹni tí ó ṣe kí ni. Àti pé ìyá arúgbó tí ó bá wa wò ó lọ́jọ́ kìíní mú ohun tí ó yẹ kí eré náà tẹ̀ mọ́ wa lára: pé ohun olóhun ni Ṣọlá mú. Ojú kan péré ni wọ́n fi wo olè yẹn, tí wọ́n kọjá lọ.

Ní ọdún tí ó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ mi. Mo ti sọ ohun tí àbúrò bàbá wa sọ fún un láti ọjọ́ tí ó ti pẹ́. Ó gbọ́, kò fèsì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo tan eré náà sí i láìsọ ìdí rẹ̀. Ó wò ó tán. Ó ka ìbéèrè tí ó wà ní ìparí rẹ̀ sókè, ní Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ ilé ìwé. Lẹ́yìn náà ó yí sí mi.

Ó ní, “Mo mọ ìdí tí o fi fi hàn mí. Mo gbọ́. Màmá Ẹlẹ́kọ kò ri nǹkan kan mọ́lẹ̀.” Ó dákẹ́ díẹ̀. “Ṣùgbọ́n ọmọ mi kú, Àkànní. Ọjọ́ mẹ́ta péré. Ta ni kí n wá bi?”

Mo pa ẹ̀rọ. A jókòó síbẹ̀ títí tí wọ́n fi mú iná lọ.